Bí Ikú Ilé Kò Bá Pa Ológbò: Àgbéyẹ̀wò Ewu tó Rọ̀gbà Yí Ọdẹ Ilé Wa Ká

Láàárín gbogbo ẹran tí ọmọ ènìyàn ń sìn ní ilẹ̀ Yorùbá, láti orí adìyẹ tó ń wọ̀ sí inú àgò títí dé orí ajá tó ń bá ọdẹ wọ igbó, kò sí èyí tí a fún ní òmìnira tó ti ológbò, nítorí àgbò a máa jẹ lórí ìso, ẹṣin a máa wọ ìjánu, àgùntàn a sì máa bá ẹni tó ń dà á lọ kí ó tó bá a bọ̀, ṣùgbọ́n ológìnní, ọdẹ òru tí kì í tan fìtílà, arìn-má-dún-lẹ́sẹ̀, ẹni tó ń bẹ̀rù omi tí kò bẹ̀rù òkùnkùn, òun nìkan ló ń jáde nígbà tó bá wù ú, tó ń wọlé nígbà tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, tí ẹnikẹ́ni kì í sì í bi í léèrè ibi tó ti ń bọ̀. Òmìnira yìí dára, ó sì bá ìwà rẹ̀ mu. Ṣùgbọ́n òun náà ni kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ nínú wa mọ ohun tó ń pa àwọn ológbò wa. A ó jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, a ó pe ẹran náà títí, kò ní dáhùn, a ó sì sọ pé ó ti bá tirẹ̀ lọ, tàbí pé ilé ẹlòmíràn ló wù ú ju tiwa lọ, bẹ́ẹ̀ òkú rẹ̀ lè wà lẹ́yìn àgbá omi tí kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ sí ẹnu ọ̀nà wa.

Mo fẹ́ gbé gbogbo ọ̀rọ̀ ààbò ológbò tó ń jáde síta yẹ̀ wò, nítorí mo ka ẹran náà mọ́ ará ilé, ikú rẹ̀ sì máa ń dùn mí nígbà tí mo bá rí i pé à bá ti dá a dúró. Àwọn baba wa ló sọ pé bí ikú ilé kò bá pani, ti òde kò lè pani. Ọ̀rọ̀ yìí ni òpómúléró ohun gbogbo tí mo ní í sọ: púpọ̀ nínú ewu ológbò, ọwọ́ ènìyàn ló gbé e kalẹ̀, ibi tí ohùn ẹni tó ń pe ológbò lè dé ló sì gbé e kalẹ̀ sí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí ibi tí ológbò ń rìn dé ti jìnnà tó, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ló rò pé bí ó bá ti fo ògiri ọgbà kọjá, inú igbó kìjikìji ló kọrí sí. Ní ọdún 2013, àwọn onímọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹran tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, Royal Veterinary College, bá iléeṣẹ́ BBC pawọ́ pọ̀, wọ́n so ẹ̀rọ atọpasẹ̀ mọ́ ọrùn ológbò 50 ní abúlé Shamley Green ní àgbègbè Surrey, ohun tí wọ́n sì rí ni pé àyíká ilé ni púpọ̀ nínú wọn ń rà bàbà sí, tí àwọn mìíràn tilẹ̀ ń yọ́ wọ ilé aládùúgbò lọ jẹ oúnjẹ ológbò ẹlòmíràn. Ìwádìí mìíràn tó jáde ní 2020, èyí tí Roland Kays láti North Carolina ṣe aṣáájú rẹ̀, tọ ipasẹ̀ ológbò tó lé ní 900 ní Amẹ́ríkà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Ọsirélíà àti New Zealand, òun náà sì fi hàn pé láàárín nǹkan bí 100 mítà sí ilé ni ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ti ń ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe. Ní àdúgbò tiwa, 100 mítà kò kọjá láti ẹnu ọ̀nà ẹni dé ilé kẹrin tàbí ìkarùn-ún. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí yóò pa ológbò rẹ̀ kò ní láti wọ igbó. Bí ó bá rìn yí ilé rẹ̀ po, tó sì bá aládùúgbò bíi mélòó kan sọ̀rọ̀, yóò ti rí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Májèlé ni mo fi ṣáájú gbogbo ewu, mo sì fẹ́ pẹ́ lórí rẹ̀, nítorí òun ló burú jù, òun náà sì ni a lè dá dúró jù. Kí ni a ń fi ológbò ṣe nílé? Eku ni a fi ń pa. Ó tó ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún ọdún tí ìwà yìí ti wà láàárín àwa àti òun, nítorí àwọn awalẹ̀pìtàn rí egungun ológbò kan tí wọ́n sin sí ẹ̀gbẹ́ ènìyàn ní erékùṣù Cyprus, ìsìnkú náà sì ti tó 9,500 ọdún sẹ́yìn, ní ìgbà tí àwọn ènìyàn ibẹ̀ ti ń gbin ọkà, tí wọ́n ń kó o pamọ́, tí eku sì ń tọ̀ ọ́ wá. Láti ìgbà náà ni ológbò ti jẹ́ ẹ̀ṣọ́ àká. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí à ń ṣe lónìí: a gba ọdẹ sílé pé kó máa ṣọ́ wa, ní alẹ́ ọjọ́ kan náà a sì da májèlé sínú ẹran tí ọdẹ náà yóò jẹ. Èyí kì í ṣe ìwà ọlọ́gbọ́n, kì í sì í ṣe ìwà ọmọlúàbí.

Mi ò bá ẹni tó ń lé eku jà o. Èkúté ń jẹ gàrí, ó ń gé aṣọ, ó sì ń tọ̀ sínú oúnjẹ, nínú ìtọ̀ irú eku kan bẹ́ẹ̀ sì ni ibà Lassa ti ń wá, ibà tí wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ ní 1969 ní ìlú Lassa ní Borno, tó sì ti wá di ẹrù ńlá ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, pàápàá ní agbègbè Ọ̀wọ̀. Ẹni tí irú ìbẹ̀rù bẹ́ẹ̀ wà lọ́kàn rẹ̀ tó ra oògùn eku, a kò lè pè é ní ìkà. Ṣùgbọ́n nínú ìmọ̀ràn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fún àwọn ará ilé nípa ibà náà, ohun tí wọ́n kọ ni pé kí a kó ọkà àti oúnjẹ sínú ohun tí eku kò lè wọ̀, kí a da ilẹ̀ jìnnà sí ilé, kí ilé mọ́ tónítóní, kí a sì sin ológbò. Bí àwọn onímọ̀ gbogbo ayé bá ka ológbò mọ́ oògùn, ó yẹ kí àwa náà tọ́jú oògùn ọ̀hún kó má bàa bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Oríṣi májèlé méjì ló pọ̀ jù ní àdúgbò wa, ọ̀nà tí wọ́n gbà ń pani kò sì jọra. Èkíní ni ti ìdílé warfarin, èyí tó bọ́ sọ́jà ní 1948 gẹ́gẹ́ bí oògùn eku, tí àwọn àbúrò rẹ̀ bíi brodifacoum sì lágbára jù ú lọ fíìfíì. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n ń dí fítámì K lọ́wọ́ iṣẹ́ rẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀, títí ẹ̀jẹ̀ kò fi ní lè dì mọ́, tí ẹran náà yóò sì máa dà á sínú ara ara rẹ̀. Eku tó bá jẹ ẹ́ kì í kú lójú ẹsẹ̀. Yóò máa rìn tàgétàgé fún ọjọ́ mélòó kan, kò ní lè sáré mọ́, irú eku bẹ́ẹ̀ gan-an sì ni ológbò ń mú láìlàágùn. Bí ológbò bá jẹ ẹ́, tàbí tó bá jẹ oògùn náà fúnra rẹ̀, ọjọ́ kẹta sí ọjọ́ karùn-ún ni àmì yóò tó hàn: ẹran eyín rẹ̀ yóò funfun, yóò máa mí ní kúkurú, kò ní fẹ́ dìde, ẹ̀jẹ̀ lè wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò ní òtútù ló mú un. Oògùn rẹ̀ wà, fítámì K1 ni, ọwọ́ dókítà ẹran ló wà, ológbò sì lè máa lò ó fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dé lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ ti kún inú àyà ẹran rẹ̀, ó ti pẹ́.

Èkejì ni dichlorvos, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí ọ̀tápiápiá nígbà tí wọ́n bá rọ ọ́ sínú ìgò kékeré fún títà. Oògùn kòkòrò oko ni. A kò ṣe é fún inú ilé, a kò sì ṣe é fún eku, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ń pò ó mọ́ ẹja tàbí edé, wọ́n á gbé e sí ìdí ògiri, kò sì sí ohun tó wu ológbò láyé yìí tó ẹja. Àjọ NAFDAC fòfin de títa ìgò kékeré rẹ̀, ti 100 ml, ní 2019, ìdí pàtàkì tí wọ́n sì fi ṣe bẹ́ẹ̀ ni pé àwọn ènìyàn ń fi í gba ẹ̀mí ara wọn. Ohun tó ń pa ènìyàn kò lè ṣàì pa ológbò. Kò ní jẹ́ kó di ọjọ́ kẹta bíi ti warfarin: láàárín ìṣẹ́jú tàbí wákàtí díẹ̀, itọ́ yóò máa dà yàà lẹ́nu ẹran náà, ojú rẹ̀ yóò máa ṣomi, ìgbẹ́ àti ìtọ̀ yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ara rẹ̀ yóò máa gbọ̀n, mímí yóò sì di ogun. Abẹ́rẹ́ atropine wà fún un, ṣùgbọ́n kò sí ààyè ìdúró.

Níbí ni mo ti fẹ́ sọ ohun kan tí mo mọ̀ pé yóò le létí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà. Bí ológbò bá jẹ májèlé, epo pupa ni ọ̀pọ̀ ilé ń sáré bù sí i lẹ́nu, àwọn mìíràn á fi wàrà, àwọn mìíràn á fi omi iyọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jáwọ́ nínú rẹ̀. Ẹran tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n kò lè gbé nǹkan mì dáadáa. Epo náà yóò gba ọ̀nà ọ̀fun tí kò yẹ lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, ẹran tí májèlé ì bá dá sí ni epo yóò sì pa. Epo kì í ṣe ẹ̀rọ̀ fún warfarin, kì í ṣe ẹ̀rọ̀ fún dichlorvos, àwọn májèlé kan tilẹ̀ wà tí ọ̀rá ń ràn lọ́wọ́ láti tètè wọ ara. Ohun tó tọ́ ni kí a fọ èyí tó bá wà lára irun rẹ̀ nù pẹ̀lú ọṣẹ àti omi, kí á má jẹ́ kó fi ahọ́n lá a, kí a gbé e sínú páálí tí atẹ́gùn ń wọ̀, kí a mú páálí tàbí ìgò májèlé náà dání, kí a sì gbé e lọ bá oníṣègùn ẹran. Ilé ìwòsàn ẹran wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó wà ní yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta. Kí ẹni tó ń sin ẹran mọ èyí tó sún mọ́ ọn kí ọjọ́ burúkú tó dé.

Májèlé mìíràn tún wà tí ìfẹ́ ló ń gbé e wá. Ológbò ń ṣàìsàn, ara rẹ̀ gbóná, ọmọ ilé a sì bu paracetamol fún un gẹ́gẹ́ bí ìyá rẹ̀ ti ń ṣe fún òun. Ẹ̀dọ̀ ológbò kò ní èròjà tí ti ènìyàn fi ń tú oògùn yìí palẹ̀. Hóró kan ṣoṣo, ti 500 mg, tó láti sọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ di aláwọ̀ ilẹ̀ tí kò lè gbé atẹ́gùn mọ́, kí ojú rẹ̀ wú, kó sì kú. Bẹ́ẹ̀ náà ni oògùn eégbọn ajá tí permethrin wà nínú rẹ̀: ó ń wo ajá sàn, ó sì ń fi gìrì pa ológbò, kódà bí ajá tí a fi pa lára bá sun ẹ̀gbẹ́ ológbò kí oògùn náà tó gbẹ, ewu ni. Oògùn apakòkòrò tí à ń fi fọ ilé ìgbẹ́, èyí tó ń funfun bí a bá bu omi sí i, wà nínú ẹgbẹ́ yìí, nítorí ológbò yóò tẹ ilẹ̀ tó tutù, yóò sì fi ahọ́n fọ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ nígbà tó bá jókòó. Ìmọ́tótó rẹ̀, èyí tí à ń fi yìn ín, ni ó ń gbé májèlé dé inú rẹ̀. Kẹ́rosíìnì àti ọ́ìlì mọ́tò tó dà sílẹ̀ lábẹ́ jẹnẹrétọ̀ ń ṣe bákan náà.

Lẹ́yìn májèlé, títì ló kàn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì gùn. Ìmọ́lẹ̀ tí ológbò nílò láti fi ríran kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́fà èyí tí ènìyàn nílò lọ, awọ kan sì wà lẹ́yìn ẹyinjú rẹ̀ tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà, èyí tó fi ń tàn yanranyanran ní òru. Láti ara ìtànṣán yìí ni ọkùnrin kan ará Yorkshire, Percy Shaw, ti rí ọgbọ́n tó fi ṣe àwọn gíláàsì kékeré tó ń tàn láàárín títì, ní 1934, tí ọ̀nà aláìníná kò sì fi pa àwọn awakọ̀ mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ojú yìí kan náà ni iná ọkọ̀ ń fọ́ nígbà tó bá tàn sí i lójijì, tí ẹran tí ì bá sá yóò fi dúró gbagidi sáàárín ọ̀nà. Ìdájí àti ìrọ̀lẹ́ ni ológbò ń rìn jù, àkókò náà sì ni ọ̀kadà àti dáńfó ń sáré jù. Akọ ológbò tí kò tíì dàgbà tán ló ń kó sí i jù, nítorí abo ló ń wá kiri. Ẹni tó bá ní ọkọ̀ tún gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ní òru òjò àti ní àkókò ọyẹ́, orí ẹ́ńjìnnì tó ṣì lọ́wọ́ọ́rọ́ ni ológbò ń wá sùn. Kí ó fi ọwọ́ lu ìdérí ọkọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì kí ó tó ṣí i lówùúrọ̀.

Kànga tí kò ní ìdérí, ṣáláńgá tí pákó rẹ̀ ti jẹrà, àgbá omi tí ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀ tí omi inú rẹ̀ kò kún dé òkè, gbogbo wọn ni ológbò ń kó sí nígbà tó bá ń lépa aláǹgbá, ìdérí tí a bá sì fi dé wọn yóò gba ọmọ wa là pẹ̀lú. Ní ti ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, òótọ́ ni ohun tí a máa ń sọ pé ológbò kì í fi ẹ̀yìn lélẹ̀, àwọn oníṣègùn ẹran ní New York sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1987 pé nínú ológbò 132 tó já láti ilé gíga tí wọ́n gbé wá sọ́dọ̀ àwọn, ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n tọ́jú ló yè. Ṣùgbọ́n àgbọ̀n fífọ́, eyín kíkán àti ẹ̀dọ̀fóró tó ya ni ọ̀pọ̀ wọn gbé wá. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tó le lójú fèrèsé sì san ju ìyè bẹ́ẹ̀ lọ. Ti tàkúté, gọ́ọ̀mù eku, àti àfọ́kù ìgò tí a tò sórí ògiri, n kò ní sọ púpọ̀. Ẹni tó bá fi wọ́n síbẹ̀ mọ ibi tó fi wọ́n sí.

Ajá dìgbòlugi àti ìjà òru ni mo tún fẹ́ dúró lé lórí. Akọ ológbò tí a kò tẹ̀ lọ́dàá yóò jáde, yóò jà, wọn yóò sì gé e jẹ, nínú ìgéjẹ yìí sì ni kòkòrò àrùn tí wọ́n mọ̀ ní California ní 1986 ti ń gba ọ̀dọ̀ ológbò kan dé ọ̀dọ̀ òmíràn, èyí tó ń ba agbára ìdènà àrùn jẹ́ lára ológbò gẹ́gẹ́ bí éèdì ti ń ṣe lára ènìyàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ran ènìyàn. Abo tí a kò ṣe iṣẹ́ abẹ fún lè lóyún nígbà tó ṣì wà ní ọmọ oṣù mẹ́rin, oyún rẹ̀ kò ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án lọ, ọmọ tí kò sì rí ẹni gbà ni àwòdì ń gbé, òun ni ajá ń fà ya, òun ni àwọn ènìyàn ń dì sínú àpò jù sí ààtàn. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ló kórìíra kí a tẹ ẹran lọ́dàá, wọ́n ní ó ń dá ẹran lágara, bẹ́ẹ̀ òbúkọ àti àgbò tí baba wa tẹ̀ lọ́dàá ló ń sanra jù nínú agbo. Lójú tèmi, kò sí ohun kan tó ń fa ológbò kúrò lójú títì àti kúrò lẹ́nu ìjà tó iṣẹ́ abẹ yìí. Kí a gún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi láti ìgbà tó bá ti pé oṣù mẹ́ta, kí a sì máa tún un gún ní àkókò tí dókítà bá dá, nítorí ológbò tó kó dìgbòlugi bọ̀ láti òde yóò mú un wá sórí ẹsẹ̀ ọmọ ilé. Bí ó bá gé ènìyàn jẹ, ọṣẹ àti omi fún ìṣẹ́jú 15, lẹ́yìn náà ilé ìwòsàn.

Mo ti sọ ti nǹkan, mo ti sọ ti ẹranko, ó wá ku ti ènìyàn, òun ló sì nira jù láti sọ. Àwọn kan ń pa ológbò jẹ. Àwọn kan ń wá a fún oògùn. Àwọn kan, tí wọ́n bá ti rí ológbò dúdú lórí ògiri ní òru, àjẹ́ ni wọ́n ti rí, òkúta sì ti bọ́ lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó ronú. Bẹ́ẹ̀ ẹran tí ebi ń pa ni, tó ń ké pe abo. Ìwé Òfin Ìwà Ọ̀daràn tó ń ṣiṣẹ́ ní gúúsù Nàìjíríà ka ìwà ìkà sí ẹranko sí ẹ̀ṣẹ̀ ní abala 495, ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí owó ìtanràn 50 náírà ni wọ́n fi ṣe ìjìyà rẹ̀, owó náà kò sì lè ra búrẹ́dì kan lónìí. Ó yẹ kí àwọn aṣòfin wa tún un wò. Ṣùgbọ́n kí òfin tó dé, ẹ jẹ́ kí a mọ̀ pé èyí tó pọ̀ jù nínú omi gbígbóná tí à ń dà sí ológbò lára, nítorí ẹja tó jí nínú ìṣasùn ni. Aládùúgbò kò kórìíra ológbò náà tẹ́lẹ̀; ọbẹ̀ rẹ̀ ló ń dùn ún.

Ẹ̀bi ta ni olè ológbò? Ọ̀pọ̀ ilé ló gbàgbọ́ pé bí a bá fún ológbò lóńjẹ, yóò di ọ̀lẹ, kò ní pa eku mọ́, nítorí náà wọ́n á fi ebi pa á kó lè bínú sí eku. Ìgbàgbọ́ yìí ti pa ológbò púpọ̀. Ebi nìkan kọ́ ló ń mú ológbò ṣọdẹ. Ológbò tó yó yóò ṣì lé ohun tó bá ń sáré níwájú rẹ̀, nítorí bẹ́ẹ̀ ni Ẹlẹ́dàá ṣe dá a. Àwọn àgbà náà rí i pé bí ológbò ti ń yọ́ rìn kì í ṣe ti ojo. Èyí tí ebi ń pa ló ń rìn jìnnà, òun ló ń ṣí ìkòkò ẹlòmíràn, òun ló ń jẹ òkú eku tó ti jẹ májèlé. Ẹni tó bá fẹ́ kí ológbò rẹ̀ pẹ́ láyé, kí ó bọ́ ọ.

Ìbéèrè tó kù ni pé, ṣé kí a kúkú ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn? Àwọn ènìyàn ayé kò fi ohùn ṣọ̀kan lórí rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ ló gbà pé ẹ̀tọ́ ológbò ni láti jáde. Ní Amẹ́ríkà, inú ilé ni ọ̀pọ̀ oníṣègùn ẹran ní kí ó wà. Ní agbègbè olú-ìlú Ọsirélíà, òfin ti kàn án nípá pé ológbò tí a bá bí láti July 1, 2022 kò gbọ́dọ̀ jáde kúrò ní àyíká olówó rẹ̀, nítorí àwọn ẹyẹ àti ẹranko kéékèèké ilẹ̀ náà pẹ̀lú. Ní tiwa, ilẹ̀kùn wa ń ṣí láti àárọ̀ dé alẹ́, èrò ń wọlé, èrò ń jáde, ẹni tó bá sọ pé òun yóò há ológbò mọ́lé ní agbo ilé Yorùbá ń gbé omi sínú agbọ̀n. Ohun tí mo rò pé ó bá wa mu ni pé kí ológbò ní ọ̀sán rẹ̀, kí ilé sì ní òru rẹ̀. Kí a máa fún un ní oúnjẹ tó pọ̀ jù ní ìrọ̀lẹ́, kí ilẹ̀ tó ṣú, pẹ̀lú ohùn ìpè kan náà lójoojúmọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ohùn náà nìkan yóò tó láti mú un wá, kí a sì ti ilẹ̀kùn títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ọ̀nà yìí yóò mú un kúrò lójú iná ọkọ̀, kúrò lẹ́nu ajá tó ń rìn lóru, kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ń wá ẹran òfẹ́.

Èyí tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà, kí a má fi okùn so ó mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe, nítorí yóò fo, okùn yóò sì fún un lọ́rùn. Kí a fi í sínú yàrá fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, kí ó fi mọ òórùn ilé. Bí a bá fẹ́ fi nǹkan sí i lọ́rùn kí àwọn ènìyàn lè mọ̀ pé ó ní olówó, kó jẹ́ irú èyí tó ń já fúnra rẹ̀ bí ó bá kọ́ igi, kí nọ́ńbà fóònù sì wà lára rẹ̀. Àwọn ọmọ wa tó wà ní England ti mọ̀ pé láti June 10, 2024 ni ó ti di dandan kí a fi àmì ìdánimọ̀ kékeré sí abẹ́ awọ ológbò kó tó pé ọ̀sẹ̀ 20, àìṣe bẹ́ẹ̀ sì lè já sí ìtanràn tó tó £500. Ṣùgbọ́n òfin mìíràn níbẹ̀, èyí tó ní kí awakọ̀ tó bá gbá ajá tàbí ewúrẹ́ lọ jẹ́wọ́ fún ọlọ́pàá, kò dárúkọ ológbò.

Ẹ̀yin onílé àti ẹ̀yin ayálégbé, ẹ lọ wo ìdí ògiri yín kí ilẹ̀ òní tó ṣú. Bí májèlé bá wà níbẹ̀, ẹ kó o kúrò, ẹ dí ihò eku, ẹ fi gàrí sínú ike tó ní ìdérí. Bí ó bá sì di dandan kí ẹ lo oògùn eku, ẹ fi í sínú àpótí tí ẹnu ológbò kò lè wọ̀, ẹ máa ṣa òkú eku ní òwúrọ̀ kí ẹ sì sin ín, ẹ sì kan ilẹ̀kùn ilé tó múlé tì yín, kí ẹ sọ fún wọn.